Ilé Kò Gbọdọ̀ Sinmi

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ nínú ìwé wa ti oṣù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ oyè, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ òṣèlú. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa wẹ́wẹ́ ni, àwọn tí kò ì tí ì pé ọmọ ọdún mẹ́fà, tí ẹsẹ̀ wọn kò ì tí ì tẹ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ náà ti wù kí ó kéré lójú tó, a kò mọ èyí tí ó jù ú lọ fún ọjọ́ iwájú ìlú wa.

Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké dé àárín wa, àwọn àgbà fún un ní orúkọ tí ó pa ni lẹ́rìn-ín: wọ́n pè é ní jẹ́lé-ó-sinmi. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò farasin. Ọmọ tí ń da ilé rú láti òwúrọ̀ dé ọ̀sán ti jáde lọ. Kí ilé sinmi díẹ̀, kí ìyá ráyè dáná, kí ìyá-àgbà ráyè na ẹ̀yìn. Ẹ̀fẹ̀ ni orúkọ náà, a sì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀fẹ̀ náà ti di òótọ́ mọ́ wa lọ́wọ́, nítorí pé ilé ti sinmi ju bí ó ti yẹ lọ. Ní ọ̀pọ̀ ilé àwa tí a ń pe ara wa ní ọ̀làjú, láti ọjọ́ tí ọmọ bá ti wọ jẹ́lé-ó-sinmi ni baba ti ń ká ọwọ́ kúrò nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀, tí ìyá sì ń rò pé owó tí òun san ti ra gbogbo iṣẹ́ náà kúrò lọ́rùn òun.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ìrọ̀lẹ́ ti ń rí nínú irú ilé bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rin ti ilé-ẹ̀kọ́ dé. Wọ́n bọ́ aṣọ rẹ̀, wọ́n fún un ní oúnjẹ, wọ́n sì gbé fóònù lé e lọ́wọ́ kí ó má baà yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Baba ń gbọ́ ìròyìn, ìyá wà nídìí iṣẹ́. Ìyá-àgbà ti Pákátà tàbí Òkèlélé wá kí wọn. Ó ní kí ọmọ náà bá òun bu omi wá nínú ìkòkò, ọmọ náà sì ń wo ẹnu ìyá rẹ̀ bí ẹni tí ń dúró de ògbufọ̀. Ó mọ orúkọ erin àti kìnnìún ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tí à ń pè ní ìkòkò, nínú ìlú tí àwọn ìyá wa ní Dàda ti ń mọ ìkòkò láti ayébáyé. A kò sọ èyí láti fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí pé a ti rí irú rẹ̀ nínú ilé àwa tí ń kọ̀wé yìí pẹ̀lú.

Ohun tí ó mú kí ọ̀rọ̀ yìí dùn wá ju bí ìbá ti dun ará ìlú mìíràn lọ ni pé Ìlọrin kì í ṣe ìlú tí a ní láti ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ pé ilé lè jẹ́ ilé-ẹ̀kọ́. Kí òyìnbó tó dé, láti ìgbà Òkè-Súnà àti láti ìgbà Shehu Àlímì ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ìloro ilé àti abẹ́ igi iwájú ilé ni ilé-ẹ̀kọ́ wa. A kì í dúró kí ọmọ tó pé ọdún mẹ́fà. Ọmọ ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún ti ń jókòó lórí ẹní láàárín àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àfáà a fi tàdáà kọ lẹ́tà sí ojú wàláà rẹ̀, ọmọ a kà á títí ẹnu rẹ̀ yóò fi mọ́ ọn, a fọ wàláà náà nù, àfáà a sì kọ òmíràn sí i. Ìyá tí ń ṣa ẹ̀wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, bí òun tìkára rẹ̀ kò tilẹ̀ mọ̀wé, etí rẹ̀ ti mọ́ ẹ̀kọ́ náà tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń mọ ìgbà tí ọmọ bá fo kan. Ní ọjọ́ tí ọmọ bá parí Al-Kùránì, gbogbo agbo-ilé ni ń yọ̀, nítorí pé gbogbo agbo-ilé ni ó kọ́ ọ.

Láti inú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni òkìkí ìmọ̀ ìlú wa ti kàn dé ibi gbogbo. Sheikh Adam Abdullah al-Ilori, tí a bí ní ọdún 1917 tí ó sì papò dà ní ọdún 1992, ẹni tí ó dá ilé-ẹ̀kọ́ Markaz sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1952 tí ó sì gbé e lọ sí Agége ní ọdún 1955, ọwọ́ baba rẹ̀ ni ó ti kọ́kọ́ kẹ́kọ̀ọ́. A kò sọ pé ilé kéwú àtijọ́ kò ní àbùkù. Pàṣán pọ̀ níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ sì ń ka ohun tí a kò túmọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n nǹkan mẹ́ta wà nínú rẹ̀ tí kò yẹ kí a sọ nù: a ń tètè bẹ̀rẹ̀, ojú àwọn ará ilé ni a ti ń ṣe é, ojoojúmọ́ ni, bí ó ti wù kí ó kéré tó. Àwọn nǹkan mẹ́ta yìí gan-an ni àwọn ọ̀mọ̀wé ayé òde òní ń wí fún àwọn òbí.

Wọ́n ti wádìí rẹ̀ pé nígbà tí ọmọ bá fi máa pé ọdún mẹ́fà, ọpọlọ rẹ̀ ti tó nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ìwọ̀n ọpọlọ àgbàlagbà. Nítorí náà kì í ṣe ọjọ́ tí ọmọ wọ ilé-ìwé ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ náà, ìpìlẹ̀ ti wà nílẹ̀, yálà ó dúró dáadáa tàbí ó wọ́. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ gbọ́, tí wọ́n bá a sọ, tí òun náà sì fèsì sí, ni bíríkì ìpìlẹ̀ náà.

Ní ọdún 1988, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, Grover Whitehurst, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọmọ tí kò ì pé ọdún mẹ́ta. Wọ́n kọ́ àwọn òbí kan pé, bí wọ́n bá ń ka ìwé alàwòrán fún ọmọ, kí wọ́n má ṣe kà á lọ gbuurugbu. Kí wọ́n máa dúró, kí wọ́n máa bi í pé kí ni ó rí, kí ni ó rò pé yóò ṣẹlẹ̀, kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ kún èyí tí ó sọ, títí ọmọ náà yóò fi di onítàn tí òbí yóò sì di olùgbọ́. Lẹ́yìn oṣù kan péré, àwọn ọmọ wọ̀nyí ti gbọ́n lẹ́nu ju àwọn ẹgbẹ́ wọn tí a kàn ń kàwé fún lọ. Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀wọ́, kí ni èyí bí kò ṣe àlọ́ wa? Àwa kì í pa àlọ́ fún ẹni tí ó dákẹ́. Apàlọ́ yóò pe, ọmọ yóò dáhùn. Apàlọ́ yóò dá orin, ọmọ yóò gbè é. Àlọ́ àpamọ̀ yóò kọ́kọ́ ṣí ọgbọ́n orí wọn kí àlọ́ onítàn tó wọlé. Bí ìtàn bá sì parí, a ó béèrè ohun tí ó fi kọ́ wa. Ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé fi ìwádìí rí, orí ẹní ni àwọn ìyá-àgbà wa ti ń ṣe é lálaalẹ́.

Ẹ tún wo èyí. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1907, obìnrin oníṣègùn kan ní ilẹ̀ Ítálì, Maria Montessori, ṣí ilé kan fún àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ní àdúgbò àwọn tálákà ní ìlú Róòmù. Lára ohun tí ó fi ń kọ́ wọn ni kí wọ́n gbálẹ̀, kí wọ́n da omi láti inú ife kan sí èkejì láìjẹ́ kí ó ṣòfò, kí wọ́n de bọ́tìnnì, kí wọ́n to igi láti orí èyí tí ó kúrú dé orí èyí tí ó gùn, kí wọ́n fi ìka tọ ojú lẹ́tà tí a gé láti ara tákàdá tí ó ní yanrìn kí wọ́n tó mú kálámù dání. Lónìí ilé-ẹ̀kọ́ tí ń jẹ́ orúkọ obìnrin yìí wà káàkiri àwọn ìlú wa, a sì ń san owó gọbọi kí wọ́n lè jẹ́ kí ọmọ wa da omi láti inú ife kan sí èkejì. Bí ọmọ kan náà bá fẹ́ bá ìyá-àgbà rẹ̀ gbọ́n omi nílé, a ó pariwo mọ́ ọn pé kí ó má fi omi ba aṣọ jẹ́. A kò bú ilé-ẹ̀kọ́ kankan. Ẹ̀kọ́ tí ó dára ni. Ohun tí a ń sọ ni pé kò sí ìdí tí a ó fi máa lé ohun tí a ń fi owó rà lóde jáde nínú ilé.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ó mú kí iṣẹ́ inú ilé di kánjúkánjú ní àkókò yìí. Láti ọdún 1977 tí ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè wa ti kọ́kọ́ jáde ni ó ti wà nínú rẹ̀ pé kí a máa fi èdè abínibí tàbí èdè àdúgbò kọ́ ọmọ ní jẹ́lé-ó-sinmi àti ní ìbẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2022, Ìjọba Àpapọ̀ fẹ ìlànà náà dé ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Orí tákàdá ni púpọ̀ nínú rẹ̀ wà, gbogbo wa ni a mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, Ìjọba Àpapọ̀ kéde pé òun ti wọ́gi lé ìlànà ti ọdún 2022 náà, pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a ó máa fi kọ́ni láti jẹ́lé-ó-sinmi títí dé Yunifásítì. Àwọn ẹgbẹ́ àti àwọn ọ̀mọ̀wé mìíràn yóò bá ìjọba sọ̀rọ̀ lórí èyí, àwa náà kò sì ní dákẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́ta kò lè dúró de ìgbà tí ìjọba yóò yí ọkàn padà. Ọdún mẹ́ta sí i, ó ti di ọmọ ọdún mẹ́fà. Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá ti ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ èdè wa, ilé nìkan ni ilẹ̀kùn tí ó kù. Bí ilé náà bá ń sinmi nígbà náà, níbo ni ọmọ yóò ti gbọ́ ọ?

A mọ ohun tí àwọn kan yóò wí. Wọ́n yóò ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń fún ọmọ ní iṣẹ́, àti pé bí a bá ń fi Yorùbá kún un lórí láti kékeré, yóò pẹ́ lẹ́yìn àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rù yìí kì í ṣe ẹ̀rù òmùgọ̀, nítorí náà ó yẹ kí a fi ẹ̀rí dá a lóhùn. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan ní ilé-ìwé St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, olùkọ́ tí ó mọ èdè Gẹ̀ẹ́sì dáadáa sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ kejì bá ti àtijọ́ lọ: Yorùbá ní ọdún mẹ́ta, Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n gbé àwọn méjèèjì lórí ìwọ̀n, àwọn ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ kò rẹ̀yìn níbì kankan. Wọ́n ta àwọn ìyókù yọ, àti nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Òtítọ́ ni pé ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ṣe ìdánwò náà, kì í ṣe inú ilé. Ṣùgbọ́n bí èdè abínibí kò bá pa ọmọ ọdún mẹ́wàá lára nínú ìṣirò àti nínú ìmọ̀ ìjìnlẹ̀, báwo ni yóò ti pa ọmọ ọdún mẹ́ta lára lórí ẹní ìyá rẹ̀?

Irú ẹ̀rù bẹ́ẹ̀ ti bá àwọn baba wa rí, ó kàn yí ojú padà ni. Nígbà náà wọ́n ń bẹ̀rù pé ìwé òyìnbó yóò lé kéwú jáde. Sheikh Kamaludeen al-Adabiy dá ẹgbẹ́ Ansarul-Islam sílẹ̀ ní ìlú yìí ní ọdún 1942, ó so ẹ̀kọ́ méjèèjì pọ̀, ọmọ Ìlọrin sì kọ́ méjèèjì láìsí pé ọ̀kan pa èkejì. Orí tí ó gba èdè Lárúbáwá àti Gẹ̀ẹ́sì, ṣé èdè ìyá rẹ̀ ni yóò wá wúwo jù fún un?

Ó ku kí a sọ ohun tí ó yẹ kí a ṣe, nítorí pé ẹni tí ó ní kí a ṣí ilẹ̀kùn gbọdọ̀ na kọ́kọ́rọ́ sí wa.

Èkíní ni àkókò. A kò béèrè ju ìwọ̀nba wákàtí kékeré tí ó wà láàárín ìrun Mọ̀gàríbì àti ìrun Ìṣáì lọ. Ilé tí ó jẹ́ ti onígbàgbọ́ lè mú un ṣáájú àdúrà alẹ́. Ní àkókò náà, kí fóònù gbogbo lọ sí orí àga gíga, ti baba ni kí ó sì kọ́kọ́ lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ nínú ìmọ̀ràn tí ó gbé jáde ní ọdún 2019 pé kò yẹ kí ọmọ ọdún kan jókòó ti àwòrán orí ẹ̀rọ rárá, pé ti ọmọ ọdún méjì sí mẹ́rin kò gbọdọ̀ ju wákàtí kan lọ lójúmọ́. Ó sì ní bí ọmọ bá jókòó jẹ́ẹ́, ìwé kíkà àti ìtàn sísọ pẹ̀lú ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀ ni ó dára fún un.

Èkejì ni ìwé. Kí ilé ọ̀mọ̀wé kankan nínú ìlú yìí má ṣe wà láìsí ìwé Yorùbá márùn-ún fún ọmọdé, kí ó sì wà níbi tí ọwọ́ ọmọ lè tó, kì í ṣe nínú àpótí. Aláwìíyé tí olóògbé J. F. Ọdúnjọ kọ ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi mọ̀wé. A lè rà á fún àwọn ọmọ wa. Ṣùgbọ́n bí ìwé kò bá sí lọ́jà, a kò gbọdọ̀ fi ìyẹn ṣe àwíjàre. Ẹ mú tákàdá méjì, ẹ ṣẹ́ wọn po ní ìdajì, ẹ fi òwú rán wọn láàárín: ìwé olójú-ewé mẹ́jọ ti dé nìyẹn. Kí ọmọ ya igbá, ìkòkò, ẹní, wàláà, aṣọ òfì àti ewúrẹ́ ilé yín sí i bí ó bá ti lè yà á, kí baba kọ orúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan sí abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn, kí ó sì kọ oríkì ọmọ náà sí ojú-ewé àkọ́kọ́. Ọmọ tí ó bá rí Àjàní tàbí Àṣàkẹ́ tirẹ̀ nínú ìwé kò ní fi ìwé náà sílẹ̀. Lẹ́tà Yorùbá kò ju mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ. Bí a bá ń fi ẹyọ kan hàn án lọ́sẹ̀, yóò mọ gbogbo rẹ̀ tán kí ọdún tó yí po. Ẹ sì jẹ́ kí etí rẹ̀ mọ ìyàtọ̀ láàárín igbá, igba àti ìgbà kí ojú rẹ̀ tó mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ó bá ń gbọ́ dùndún kò ní ṣòro fún.

Ẹ̀kẹta ni eré. Ọmọ kékeré kò mọ ìyàtọ̀ láàárín eré àti ẹ̀kọ́, àwa àgbà ni a pín wọn. Ẹ wo ọpọ́n ayò: ojú méjìlá, ọmọ ayò méjìdínláàádọ́ta, mẹ́rin-mẹ́rin lójú kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tí ó bá ń bá baba rẹ̀ to ayò ti ń pín, ó ti ń kà, ó ti ń dúró de ìgbà tirẹ̀, ó sì ti ń mọ bí a ti í pàdánù láì sunkún. Ẹ ka ogún ọmọ ayò sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ẹ mú ọ̀kan kúrò, kí ó sọ pé mọ́kàndínlógún. Ẹ mú méjì kúrò, kí ó sọ pé méjìdínlógún. Ẹ mú mẹ́rin kúrò, kí ó sọ pé mẹ́rìndínlógún. Ẹ óò rí i pé orúkọ tí àwọn baba ńlá wa fún iye náà fúnra rẹ̀ ti kọ́ ọ ní àyọkúrò kí ó tó gbọ́ pé ohun kan wà tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ bu amọ̀ díẹ̀ fún un kí ó mọ ìkòkò tirẹ̀. Ìka tí ó bá lágbára nínú amọ̀ yóò lágbára nídìí kálámù. Ẹ jẹ́ kí ó ya ẹ̀wà funfun sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀wà pupa, kí ó to ọmọrí mọ́ ìkòkò rẹ̀. Bí ọjọ́ ìsinmi bá sì dé, ẹ mú un lọ wo àwọn amọ̀kòkò ní Dàda àti àwọn tí ń hun òfì, kí ó dárúkọ àwọ̀ òwú; ẹ mú un dé Ìdí-Àpẹ́, kí ó fi ọwọ́ kan òkúta tí àwọn ará àtijọ́ ń lọ irin lórí rẹ̀, kí ó mọ ìdí tí ìlú rẹ̀ fi ń jẹ́ Ìlọrin. Kò sí èyí tí ó gba owó púpọ̀ nínú gbogbo rẹ̀.

A ní kí baba ṣe é, ẹ jẹ́ kí a tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Àwọn ìyá ti ru ti wọn, wọ́n sì ń ru lé e. Ẹni tí ó lè jókòó fún wákàtí mẹ́ta níbi ìpàdé ẹgbẹ́, kò yẹ kí ìṣẹ́jú ogún ṣòro fún un pẹ̀lú ọmọ tí ó bí.

Nísisìyí a yíjú sí ẹ̀yin ìjòyè wa, ẹ̀yin Balógun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti ẹ̀yin mágàjí tí agbo-ilé wà lábẹ́ yín. Ìlú wa jẹ́ ibi tí Yorùbá, Fúlàní, Gàm̀bàrí, Tápà, Bárùbá àti Kànúrí ti pàdé, tí wọ́n fẹ́ ara wọn, tí wọ́n sì bímọ. Èdè tí gbogbo wa jọ ń sọ lọ́jà Ọba àti ní ìdílé ni à ń bẹ̀bẹ̀ fún. A kò fi ti ẹnikẹ́ni ṣẹ̀sín. Ohun méjì ni a ń bẹ̀ yín sí. Àkọ́kọ́, kí agbo-ilé kọ̀ọ̀kan ní àpótí ìwé ọmọdé kan ní ìloro, kí a sì yan ọmọbìnrin tàbí ọmọkùnrin kan tí ó ti mọ̀wé láti máa ka ìtàn fún àwọn àbúrò rẹ̀ ní ọjọ́ kan lọ́sẹ̀. Ẹ̀gbọ́n tí ń kọ́ àbúrò kì í ṣe àjèjì nínú ìlú tí ó mọ ilé kéwú.

Èkejì rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Níbi ìsọmọlórúkọ, níbi ìgbéyàwó àti níbi àsèyẹ ìparí Al-Kùránì, a máa ń tẹ àwòrán ara wa sára abọ́ àti ike láti fi ta àwọn àlejò lọ́rẹ. Nígbà tí yóò bá fi tó ọdún kan, ike náà ti fọ́, àwòrán wa sì ti wà lórí ààtàn. Kí ló dé tí a kò lè fi owó kan náà tẹ ìwé kékeré olójú-ewé mẹ́rìndínlógún fún ọmọdé, àlọ́ kan tí ìyá-àgbà ilé náà mọ̀, pẹ̀lú orúkọ ẹni tí a ń bá yọ̀ lẹ́yìn rẹ̀? Bí agbo-ilé mẹ́wàá bá ṣe é ní ọdún kan, ìlú wa ti ní ìwé mẹ́wàá tí kò sí níbòmíràn, àlọ́ mẹ́wàá ni kò sì ní bá àwọn àgbà wọ ilẹ̀. Ìjòyè tí ó bá kọ́kọ́ ṣe é, orúkọ rẹ̀ ni àwọn ọmọdé yóò fi mọ̀wé.

Àwọn baba wa ní ilé ni a ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ̀ṣọ́ tí a ń wí yìí kì í ṣe góòlù. Ó jẹ́ kí ọmọ mọ orúkọ ohun tí ó wà láyìíká rẹ̀, kí ó lè bá ìyá-àgbà rẹ̀ sọ̀rọ̀, kí ó lè kà dé ogún kí ó sì mọ bí a ti í padà, kí ó rí ìwé kí ojú rẹ̀ dán. Bí ọmọ bá kó èyí ròde, èdè Gẹ̀ẹ́sì yóò bá a nílé, Lárúbáwá yóò bá a nílé, kò sì sí ilé-ẹ̀kọ́ tí kò ní yọ̀ láti gbà á. Bí kò bá kó o, a óò kàn rán àlejò lọ sí ilé-ìwé ni, àlejò náà ni yóò sì padà wá bá wa gbé.

Kí jẹ́lé-ó-sinmi máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ ní òwúrọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ọmọ bá ti dé, kí ilé dìde. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní alẹ́ òní. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí a bá wọn dàgbà, kí ó sì jẹ́ kí a gbọ́ ohùn wọn nígbà tí wọ́n bá ń pa àlọ́ fún àwọn ọmọ tiwọn.